Ta Ló Dá Ẹjọ́ Kúkúndùkú?

Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, 2024.

Bùọ̀dá Gbémiga, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú àfaradà. Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Leah, tí ẹ wọ aṣọ lé aṣọ títí tí a ò fi rí ọrùn yín mọ́. Mo rẹ́rìn-ín gan-an, mo sì tún káàánú yín.

Èmi wà dáadáa. Eegun ń ro mí díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n bí mọ́ mi, bí ó bá ti rí ọyẹ́, á yà kí mi. Mo ń lo oògùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á wọkọ̀ láti Oǹdó wá jókòó sí yàrá mi, wọ́n á máa ṣí fèrèsé, wọ́n á tún máa tì í.

Ẹjọ́ tuntun wà nílẹ̀. Ní ìsọ̀ tí mo ti ń ya àwòrán, àwọn oníbàárà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lánàá lórí kọ́míìkì wa. Ọ̀kan ní Olókùúta yóò na Òjìjí ní ànàkú nítorí pé òkè Ìdànrè wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní rárá o. Òkè Ìdànrè kì í ṣe agbára Olókùúta, ibi tó ń gbé ni. Bó bá jẹ́ pé ilé ni agbára, onílé gbogbo ni ì bá jẹ́ akọni, àwa ayálégbé ì bá ti kú tán. Mo wá ka òfin tí èmi àti ẹ̀yin ṣe fún wọn: agbára àyálò kò kà, agbára tí òǹkàwé kò tíì rí lójú ìwé kò kà, ohun tó bá sì lè bọ́ lọ́wọ́ akọni, irinṣẹ́ ni, kì í ṣe agbára. Wọ́n ní ta ló fi mí jẹ adájọ́. Mo ní èmi tí mo ya wọ́n ni, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà sì ni igbá-kejì mi. Ọ̀kan tiẹ̀ tún fẹ́ hú ọ̀rọ̀ Kúkúndùkú jáde, mo ní a ti parí ìyẹn tipẹ́tipẹ́.

Ẹ fi ẹjọ́ mìíràn ránṣẹ́. Lórí bébà o, kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Dádì ló kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá kọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ni ín.

Àbúrò yín,
Ayọ̀bámi.


Wínípẹ́ẹ̀gì, Kánádà.
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, 2024.

Ayọ̀bámi, adájọ́ àgbà,

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí yìí kò jẹ́ kí ènìyàn mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ìdájọ́ rẹ lórí Olókùúta dára, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe igbá-kejì ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ ya Òjìjí sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi, kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ eegun rẹ fún Dádì. Bínú bí o bá fẹ́. Èmi tí mo jìnnà, ẹnu nìkan ni mo ní.

Ìbéèrè ìwé ìgbélùú mi ṣì wà níwájú ìjọba ibí. Agbẹjọ́rò mi ní ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ kúrò nílùú yìí títí wọn yóò fi dáhùn. Bí mo bá jáde pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tí mo ti jìyà lé lórí láti ọdún mélòó kan wá dòfo, n kò sì ní lè padà wọlé mọ́. Nítorí náà, Kérésì tó ń bọ̀ ni kí o máa fojú sọ́nà fún.

Ẹjọ́ rẹ rèé. Odò ńlá kan wà nítòsí ilé mi tó ti dì gbagidi, àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn ní títì. Ká ní Òjìjí, tó ń fi omi gbé iná ara rẹ̀ lu ọ̀tá, bá Abẹ́bẹ́ tó ń darí afẹ́fẹ́ pàdé lórí rẹ̀. Ṣé agbára Òjìjí kà lórí omi tó ti dì? Dá a dáadáa, má ṣe ojúsàájú nítorí pé ọmọ odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wa ni Òjìjí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í ṣe igbá-kejì,
Gbémiga.


Oǹdó.
Ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 2024.

Gbémiga, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Leah ẹ̀gbọ́n yín àti Oyèlékè ọkọ rẹ̀ ní kí n kí ọ. A dúpẹ́ fún ohun gbogbo.

Ìwọ yóò rí i pé ọwọ́ èmi bàbá rẹ ló wà lórí bébà yìí. Eegun náà le sí i fún àbúrò rẹ, a sì gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ó ń sinmi. Kò lè di kálàmù mú, fóònù rẹ̀ sì já sínú korobá omi. Má wulẹ̀ máa dààmú láti pè é.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní o kì í ṣe igbá-kejì ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ tó ní kí n kọ nìyí: omi tó ti dì kò gbé iná dáadáa, nítorí náà agbára Òjìjí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà. Kò sí ohun tó kù fún un ju pé kó fọwọ́ kan Abẹ́bẹ́ lọ, Abẹ́bẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun. Abẹ́bẹ́ ló borí. Ó ní kí n fi kún un pé, "Ẹni tí o kò bá lè fọwọ́ kàn, o kò lè nà án."

Báwo ni ọ̀rọ̀ ìwé rẹ? Má kúrò níbẹ̀ o. Ohunkóhun tí o bá gbọ́, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, jókòó sí ibi tí o wà.

Bàbá rẹ,
Ọlọ́runníyì Adépọ̀jù.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, àti ìwọ adájọ́ tó ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn kọ̀wé,

Mo dọ̀bálẹ̀, Dádì. Ẹ kú ìtọ́jú. Mo rẹ́rìn-ín títí lórí ẹjọ́ yìnyín yẹn. Mo kà á fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní àbúrò mi yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Mo ti ra pẹ́ńsù alárànbarà kan fún un, èyí tí àwọn ayàwòrán ibí ń lò. Bí ara rẹ̀ bá ti yá, mo máa rán an.

Ṣùgbọ́n Dádì, mo ní ẹ̀sùn. Fóònù Ayọ̀bámi bà jẹ́, mo gbà. Ti Àǹtí Leah ńkọ́? Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní àwọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún pè, wọ́n ní Ayọ̀bámi ń sùn. Mo ní kí wọ́n ṣáà gbé fóònù síbi tí mo ti lè rí i bó ṣe ń sùn, ló bá já. Ojú lọ̀rọ̀ wà. N kò tíì rí ojú yín láti oṣù kan.

Ayọ̀bámi, bí o bá ń dá mi lóhùn nípasẹ̀ Dádì, dá èyí: Òjìjí àti Kúkúndùkú, ní etí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Kúkúndùkú, tó jẹ́ pé bí a bá pa á, á tún hù. Mo ní àtijí rẹ̀ kà. Wá bínú. Inú bíbí rẹ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Gbémiga.


Oǹdó.
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, 2024.

Gbémiga, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà wà pẹ̀lú rẹ. Dárí jì mí pé ìdáhùn pẹ́. Mo fẹ́ kí ó péye ni. Mo ka àwọn ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún kà wọ́n. N kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí Abẹ́bẹ́ ti fẹ́ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lọ sí ilé ọ̀tá rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìdájọ́ àbúrò rẹ nìyí. Òjìjí gbé Kúkúndùkú ṣubú. Ó ṣubú lóòótọ́, gbogbo ayé ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ìjà parí. Bí a bá gé ìtàkùn kúkúndùkú, tí a jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òjò kan ṣoṣo, ó ti ta gbòǹgbò. Nítorí náà àtijí rẹ̀ kà. Ó kà ju agbára yòókù lọ. Iná Òjìjí lè tán, afẹ́fẹ́ Abẹ́bẹ́ lè rọlẹ̀, òkúta Olókùúta lè là. Ẹni tó bá lè dìde lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ́ ẹ, ta ni yóò tún bá a jà? Kúkúndùkú ló borí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Máa jẹun dáadáa. Má kúrò níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín bó ṣe yẹ. Ta ló dá ẹjọ́ Kúkúndùkú?

Kì í ṣe Ayọ̀bámi. Èmi ni mo ya Kúkúndùkú, nígbà tí wọ́n gbé Ayọ̀bámi dé láti ọsibítù, tí gbogbo ìjọ wa ń kọrin pé ó ti kú, ó sì tún yè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Mo gbé àwòrán náà fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Wò ó, ìwọ nìyí." Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Bùọ̀dá, kíkú ká tún jí kì í ṣe agbára, ìyà ni. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó sinmi." Láti ọjọ́ yẹn ni àtijí kò ti kà nínú ìjà kankan. Kò yí i padà rí, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Mo gbé e wá láti fi bí i nínú ni.

Ẹ̀yin wá dá a bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Dádì, níbo ni àbúrò mi wà?

Gbémiga.


Oǹdó.
Ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, 2024.

Gbémiga,

Kí o tó kà á kọjá ibi yìí, pe ẹnì kan kí ó wá jókòó tì ọ́. Ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn náà dára.

A kì í fi ìwé túfọ̀, ìwọ náà mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Oǹdó lo wà, àgbà méjì ni yóò wá bá ọ. Wọn yóò jókòó, wọn yóò béèrè iṣẹ́, wọn yóò béèrè bóyá o ti jẹun, wọn yóò sì ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ta ni mo fẹ́ rán sí ọ ní Wínípẹ́ẹ̀gì? N kò mọ orúkọ ẹyọ ènìyàn kan níbẹ̀.

Ayọ̀bámi ti lọ. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ni, ní òwúrọ̀, ní ọsibítù Àkúrẹ́. Èmi àti Leah wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ yìnyín, òun ló dá a. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dájú. Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ronú sí i fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ sí ọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un wò lọ́la.

Ti Kúkúndùkú, èmi ni. Mo wá ìdájọ́ náà nínú gbogbo àwọn ìwé rẹ̀, n kò rí i. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ṣìnà. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ẹni tó ṣubú kò dìde mọ́, ọwọ́ mi kò lọ. Mo jẹ́ kó dìde.

Bí mo bá sọ fún ọ ni, ìwọ yóò wọ bàálù. Mo mọ̀ ọ́. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn. Mo ní kí ikú yìí má mú ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́ mi. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn mi ì bá tú mi fó. Leah kò fẹ́ irọ́ náà, èmi ni mo pàṣẹ fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Agbè wo? Ìyá yín tó jẹ́ agbè ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ.

Má béèrè ibojì lọ́wọ́ mi. Oyèlékè àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sin ín sí Àkúrẹ́. Wọn kì í fi irú rẹ̀ han òbí.

Bàbá rẹ.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n kí yín bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta, ẹ kò gbà mí láyè.

N kò pe ẹnikẹ́ni. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì gun bọ́ọ̀sì náà dé ìparí ọ̀nà, mo tún gùn ún padà, títí awakọ̀ fi wá bi mí bóyá mo ṣìnà ni.

Mo di ẹrù mi. Mo tún tú u. Agbẹjọ́rò mi sọ ohun kan náà tí ẹ sọ. Ẹ jàre lórí ìyẹn, Dádì, ó sì ń dùn mí wọra pé ẹ jàre.

Ohun tí n kò mọ bí mo ṣe máa fi jì yín ni pé ẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo oṣù Kẹta ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Mo ń bá òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó wá bínú. Mo ra pẹ́ńsù fún un, mo dì í sínú bébà aláwọ̀ ewé nítorí pé ó fẹ́ràn àwọ̀ ewé.

Òun náà kò sì mọ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ayọ̀bámi kò mọ̀ pé wọn kò sọ fún mi. Bí òkú bá ń ronú, ohun tó ń rò ni pé ẹ̀gbọ́n òun gbọ́, kò sì pe orúkọ òun, kò sunkún òun, ńṣe ló ń béèrè ọ̀rọ̀ Òjìjí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún un. Kì í ṣe Àǹtí Leah, kì í sì í ṣe Oyèlékè. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni kí ẹ lọ.

Mo mọ èèwọ̀. Mo mọ̀ pé òbí kì í dé ibojì ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gba ẹnu òkú dájọ́. Títí ẹ ó fi lọ, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́.

Gbémiga.


Oǹdó.
Ọjọ́ 14, oṣù Keje, 2024.

Gbémiga, ọmọ mi,

Mo lọ.

Oyèlékè bẹ̀ mí láti Oǹdó títí a fi dé Àkúrẹ́. Ó ní àwọn ẹbí yóò dá òun lẹ́bi, ó ní ohun tí ojú òbí kì í rí ni. Mo ní kó máa wakọ̀. A kọ́kọ́ yà sí ilé tí Ayọ̀bámi gbé, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé rẹ̀, Ìyá Peculiar. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ń lọ, ó di aṣọ mi mú lójúde. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà s'ulé. Ẹ má lọ." Ó ń sunkún bí ẹni pé òun ló bí i. Leah ló rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi.

Àwa mẹ́ta la wọ ibi ìsìnkú náà. Koríko ti bò ó, búlọ́ọ̀kù kan ni Oyèlékè fi sàmì síbẹ̀. Ó kúrú, Gbémiga. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé yóò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ fa koríko náà títí ẹ̀yìn fi dùn mí.

Mo wá jíṣẹ́ rẹ. Mo ní, "Gbémiga kò gbọ́. Èmi ni n kò jẹ́ kó gbọ́. Kò gbàgbé rẹ. Ó ti gbọ́ báyìí, ó sì ń sunkún rẹ." Leah ní òun tó dúró tì mí gan-an kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Lóòótọ́, ohùn mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

O mọ̀ pé olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àárọ̀ kò mọ́ rí kí n má pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Irú ohùn yẹn ni mo bá fi tún un ṣe. Mo na ẹ̀yìn mi, mo pè é sókè, "Adépọ̀jù, Ayọ̀bámi!" Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí mo fò.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo dúró kó dáhùn. Oyèlékè ló wá mú mi lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ọlọ́runníyì Adépọ̀jù.